Àwọn Mọ́kànlá Tó Fi Kíláàsì Rẹ Sílẹ̀

Òkè-Àfá, Ìsọlọ̀,
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Àṣàkẹ́ mi, àbígbẹ̀yìn mi,

Mi ò ní béèrè àlàáfíà rẹ, nítorí mo rí ọ lọ́jọ́ Àìkú, mo sì fojú ara mi rí i pé ọkàn rẹ kò balẹ̀. O jẹ ìrẹsì àwo méjì, o họ ìdí ìkòkò, o wá jókòó tì mí, o ní oúnjẹ ò wù ọ́ jẹ mọ́ láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Àfi ìgbà tí o sọ pé o ti kọ ìwé pé o ò ṣe iṣẹ́ náà mọ́, pé ọjọ́ Ẹtì yìí lo máa gbé e fún wọn, ni ẹ̀rín náà kú mọ́ mi lẹ́nu.

Mo lè pè ọ́ lórí fóònù, ṣùgbọ́n èmi àti ìwọ mọ bó ṣe máa ń rí. Màá sọ̀rọ̀ méjì, wàá ní kí n jẹ́ kí o ṣàlàyé, èmi náà á ní kí o jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ mi. Kí a tó mọ̀, ọ̀kan nínú wa á ti pa fóònù, á ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Bébà nìkan ni o ò lè dá ọ̀rọ̀ mọ́ lẹ́nu. Nítorí náà jókòó, mu omi, kí o kà á tán kí o tó fún mi lésì. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni màá kọ ọ́, nítorí ọwọ́ mi kì í ṣe ti àtijọ́ mọ́, ìka mi ti ń dùn mí láti orí ìlà kẹrin.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ wò ó bóyá ohun tí o sọ yé mi. Oṣù méjì sẹ́yìn ni wọ́n fún ọ ní kíláàsì àwọn àgbà ní Ṣógúnlé, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Èèyàn mẹ́tàdínlógún ló kọ́kọ́ wá. Ó ti ku mẹ́fà. Ọ̀gá tó ń bójú tó ibẹ̀ ti sọ pé bí wọn ò bá tó márùn-ún mọ́, òun á ti kíláàsì náà pa, òun á gbé yàrá náà fún àwọn tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà. Ìwọ wá rò ó pé kí ojú tó tì ọ́ dé ibẹ̀, kí o yáa tètè kúrò fúnra rẹ. O wá fi ọ̀rọ̀ kan kún un. O ní, "Màámi, àwọn èèyàn yìí ò fẹ́ kàwé jàre. Abẹ́ fáànù ni wọ́n ń wá jókòó sí."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwo. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni èmi náà fi ẹnu mi sọ nígbà tí mo wà ní ọjọ́ orí rẹ, yàtọ̀ sí pé kò sí fáànù nínú kíláàsì tèmi.

O mọ̀ pé tíṣà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ohun tí o ò mọ̀ dáadáa ni pé láti ìgbà tí mi ò tíì bí ọ títí o fi wọ ilé-ẹ̀kọ́, mo máa ń kọ́ àwọn àgbà ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn tí mo bá ti fi àwọn ọmọdé sílẹ̀, nínú yàrá kan lẹ́yìn ilé-kéwú ní Okota. Ibi tó dùn níbẹ̀ nìkan ni mo máa ń sọ fún yín, pé bàbá báyìí ti mọ̀wé kà, pé ìyá báyìí ti ń kọ lẹ́tà fúnra rẹ̀. Èyí tí mo bà jẹ́ níbẹ̀, mi ò sọ ọ́ fún yín. Bàbá yín gan-an ò gbọ́ gbogbo rẹ̀ kí wọ́n tó ṣaláìsí. Mo ń sọ ọ́ fún ọ báyìí nítorí mo rí i pé ọ̀nà tí mo gbà ni ìwọ náà ti mú pọ̀n. Ẹ̀rù rẹ sì ń bà mí.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀: púpọ̀ nínú àwọn tí màá dárúkọ ló jù mí lọ dáadáa, ṣùgbọ́n "ó" ni màá máa lò fún wọn, kí ọ̀rọ̀ má baà dà pọ̀ mọ́ ọ lójú. Má sọ pé màmá rẹ ò lẹ́kọ̀ọ́ ilé.

Èkíní, mo kọ́ àgbà bí ẹni ń kọ́ ọmọdé. Èyí tí mo mọ̀ nìyẹn. Ìwé tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà láàárọ̀ ni mo tún ń gbé lọ bá wọn ní ìrọ̀lẹ́. Adé ní bọ́ọ̀lù. Bọ́lá ń fò. Mo tún fi orin sí i, orin a, b, d, pẹ̀lú àtẹ́wọ́, a ó sì fò sókè nígbà tí a bá kọ ọ́ dópin. Káfíńtà kan wà tó máa ń jókòó níwájú, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun. Ó pàtẹ́wọ́ lọ́jọ́ kìíní, ó pàtẹ́wọ́ lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ kẹta ó dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kí àwọn tó kù má baà gbọ́, ó ní, "Tíṣà, ọmọ-ọmọ mi ló ń kọ orin yìí nílé. Ó ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́." Mi ò rí i mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Èmi wá ń sọ kiri pé àwọn ọkùnrin ò ní sùúrù fún ẹ̀kọ́.

Wò ó, ọmọ mi, káfíńtà yẹn ń wọn pákó lójoojúmọ́. Ó mọ iye tó yẹ kí ó gé kúrò àti iye tó yẹ kí ó kù, kò sì kọ ìkankan sílẹ̀. Tíṣà tó bá gbọ́n á ti ní kí ó mú téèpù rẹ̀ wá, kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀. Èmi ní kí ó fò sókè. Ẹni tó bá wọ kíláàsì rẹ ní Ṣógúnlé ti mọ nǹkan rẹpẹtẹ kó tó wọlé, ó ti tọ́mọ, ó ti sin òbí, ó ti ṣiṣẹ́ débi tí ọwọ́ rẹ̀ fi le. Ibi tí ìmọ̀ tó ti ní wà ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Bí o bá bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí kò mọ nǹkan kan, ojú á tì í, ẹni tí ojú bá sì ń tì kò ní padà wá.

Èkejì ń tì mí lójú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo máa ń ti ilẹ̀kùn kíláàsì bí agogo mẹ́rin bá ti fi ìṣẹ́jú márùn-ún kọjá. Ẹni tó bá pẹ́, màá ṣí i fún un, ṣùgbọ́n màá ní kí ó dúró síbi ògiri títí di àárín ẹ̀kọ́. Lọ́jọ́ kan mo dá ìyá kan dúró síbi ògiri, ìyá tó lè bí mi. Iṣẹ́ ìmọ́tótó ló ń ṣe nílé ìwòsàn kan, agogo mẹ́rin gan-an ni wọ́n ń fi í sílẹ̀, ó sì ti sáré láti ibi tó ti sọ̀ nínú ọkọ̀. Ó dúró síbi ògiri náà. Ó fi etí ìborùn rẹ̀ nu òógùn ojú.

Mo délé, mo fi ọ̀rọ̀ náà ṣe àwàdà fún ìyá mi, pé mo ti fi àwọn apẹ́lẹ́yìn jófin. Ìyá mi ń ro ọbẹ̀ lọ́wọ́. Ó gbé ìgbákọ sílẹ̀, ó wò mí, ó ní, "Bó bá jẹ́ èmi ńkọ́?" Mi ò lè jẹ ọbẹ̀ náà. Lọ́jọ́ kíláàsì tó tẹ̀ lé e, mo kúnlẹ̀ fún ìyá náà lójú gbogbo èèyàn kí n tó kọ nǹkan sára bọ́ọ̀dù. Ó ní kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀, ó sì dúró sí kíláàsì wa. Ọlọ́run ló bá mi ṣe é, nítorí ẹlòmíràn ì bá ti lọ.

O sọ fún mi pé àwọn tìrẹ kì í dé kí agogo mẹ́rin àbọ̀ tó lù, pé wọn ò kà ọ́ sí. Ṣé o ti bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ti ń bọ̀? Ọ̀gá wo ló máa fi òṣìṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní agogo mẹ́ta àbọ̀ kí ó lè lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ a? Sún àkókò náà síwájú. Bí àwọn tó ni ibẹ̀ ò bá gbà, fi ìlàjì wákàtí àkọ́kọ́ ṣe àtúnyẹ̀wò ohun tí ẹ ti kọ́, kí ẹni tó bá pẹ́ má baà pàdánù nǹkan tuntun. Bó bá sì wọlé, kí i kú ọ̀nà. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀kẹta ni mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ kà jù, nítorí ó jọ ọgbọ́n. Wọ́n kó àwa tíṣà tó ń kọ́ àgbà jọ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ méjì, wọ́n ní kí a mú ẹ̀kọ́ wa bá ìgbésí ayé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mu. Inú mi dùn. Mo ní mo ti gbọ́ ọ yé. Mo wo kíláàsì mi, mo rí i pé obìnrin ló pọ̀ jù, mo sì bá ara mi sọ ọ́ pé obìnrin ń tajà, nítorí náà ọjà la máa kọ́. Mo gbé ata wá, mo gbé tòmátò wá, mo gbé kóńgò tí wọ́n fi ń wọn gààrí wá. Mo to gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì bí ẹni tó fẹ́ pàtẹ. Àǹtí kan tó ń jẹ́ Bísí, tó ń dirun ní Okota níbẹ̀, wò mí títí, ó ní, "Àǹtí Tíṣà, èmi ò tajà rí o. Bí mo bá rí ọjà gan-an, àyà mi á máa já." Ni kíláàsì bá bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, ṣùgbọ́n ó dùn mí wọ egungun.

Ohun tí mo ṣe ni pé mo kúrò nínú ìwé, mo wọ inú orí ara mi. Kò sí èyí tó jẹ́ ìgbésí ayé wọn nínú méjèèjì. Ìwọ náà ya òdòdó sára bọ́ọ̀dù lọ́sẹ̀ tó kọjá, o fi ọfà tọ́ka sí ewé, sí igi, sí gbòǹgbò, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ló wà nínú ìwé ìlànà tí wọ́n fún ọ. Àwọn tó háyà yàrá kan ní Ṣógúnlé, tí wọn ò ní ibi tí wọ́n lè gbin ẹ̀fọ́ sí, lo ń ya gbòǹgbò fún. Mi ò ní òdòdó ò dára o. Bí ẹnì kan bá wà nínú wọn tó ń tọ́jú òdòdó tà lẹ́bàá ọ̀nà pápákọ̀ òfuurufú, òun ló ni ẹ̀kọ́ yẹn, kí o sì fún un dáadáa. Ṣùgbọ́n ṣé o mọ̀ bóyá ó wà níbẹ̀?

Nọ́ńbà ti dà pọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ báyìí, nítorí náà má ka iye mọ́. Ohun kan ṣẹlẹ̀ tó yí mi padà pátápátá, màá dé ibẹ̀. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mo ń ṣe lẹ́yìn rẹ̀, kí o lè rí nǹkan mú lò.

Ẹnikẹ́ni tó bá wá sí kíláàsì mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìbéèrè méjì ni mo máa ń bi í. Kí lẹ fẹ́ mọ̀ ọ́n kà, tàbí kí lẹ fẹ́ mọ̀ ọ́n kọ? Níbo lẹ ti máa lò ó? Mi ò ní bi í láti iwájú bọ́ọ̀dù, nítorí àgbà kò ní tú àṣírí ara rẹ̀ lójú èrò. Màá gbé bẹ́ǹṣì sí ìta, màá jókòó tì í, a ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ilé àti ọmọ. Ẹlòmíràn á sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹlòmíràn á ní kò sí nǹkan kan, òun kàn fẹ́ mọ̀wé ni, yóò sì tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó sọ òótọ́ fún ọ. Má fipá mú un, ṣáà máa kí i.

Nígbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, bàbá kan wà tó ń jó irin pọ̀ ní Ṣógúnlé níbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló fẹ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin wà ní Ìbàdàn, ó máa ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀, aládùúgbò rẹ̀ ló sì ń bá a kà á. Aládùúgbò náà ti wá mọ gbogbo ohun tó wà láàárín òun àti ọmọ rẹ̀, títí dórí ìjà ọmọ náà pẹ̀lú ọkọ. Mo ní ó dáa, fóònù yẹn ni ìwé yín. Mi ò fún un ní ìwé mìíràn. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó mọ̀ ọ́n kà láyé rẹ̀ ni "Bàbá mi", nítorí bí ọmọ náà ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tó fi máa tó oṣù kẹrin, àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé nígbà tí a wà ní kíláàsì, ó sì kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ láìbi mí ní ohunkóhun. Mo sún mọ́ ọn, mo ní kí n wò ó bóyá ó tọ̀nà. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo fóònù náà. Ó ní, "Rárá o, Tíṣà, tèmi ni." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lọ́jọ́ yẹn ju ọjọ́ tí èmi fúnra mi yege ìdánwò lọ.

Ìyá tí mo dá dúró síbi ògiri ńkọ́? Nígbà tí mo wá ní làákàyè láti bi í, ó fi ọwọ́ rẹ̀ hàn mí, àpá wà ní ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn ike oògùn ìfọlẹ̀ tí wọ́n ń lò níbi iṣẹ́ rẹ̀ jọra wọn, ó ti ṣèèṣì da èyí tó ń bó èèyàn lára sọ́wọ́ rí. Ó fẹ́ mọ èyí tó yẹ kí ó bẹ̀rù. Nítorí náà ike òfìfo ni ìwé tirẹ̀, ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sára wọn la sì fi kọ́ a, b, d náà. Má rò pé mo ní kí o sọ bọ́ọ̀dù nù. Álífábẹ́ẹ̀tì náà la ṣì ń kọ́, ó kàn jẹ́ pé ibi tí a ti ń mú un ló yàtọ̀. Màá sì sọ òótọ́ fún ọ, iṣẹ́ náà le. Àwọn mìíràn á wà tí wàá ṣe gbogbo èyí fún, tí wọ́n ṣì máa lọ, nítorí pé ilé ayé ò fi wọ́n lọ́rùn sílẹ̀. Má gba ẹ̀bi ti ìyẹn sọ́rùn. Èyí tó jẹ́ ẹ̀bi rẹ nìkan ni kí o gbà.

Ó wá ku èyí tí mo ti ń sá fún láti òkè.

Ìyá kan wà ní kíláàsì wa tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ìyá Sàkírátù. Ará Ìsẹ́yìn ni, ó ń ta òwú ìránṣọ, bọ́tìnì àti sípù fún àwọn télọ̀ ní Òṣòdì. Ó fi bí ọdún méjìlá jù mí lọ. Kì í pa kíláàsì jẹ rárá. Òjò rọ̀, ó wá. Ààwẹ̀ dé, ó ń wá pẹ̀lú ètè gbígbẹ. Kò sọ ohun tó fẹ́ fi ìwé ṣe. Nígbà yẹn, èmi náà ò tíì mọ̀ pé ó yẹ kí n bi í.

O mọ bó ṣe rí láàárín wa. Mi ò jẹ́ la ẹnu mi pe orúkọ obìnrin tó jù mí lọ, tó ti bímọ. Nígbà tí mo ń kọ réjísítà, ohun tí mo gbọ́ tí àwọn èèyàn ń pè wọ́n ni mo kọ síbẹ̀: Ìyá Sàkírátù, Ìyá Wàídì, Bàbá Bọ́sẹ̀. Ọ̀wọ̀ ni mo kà á sí. Nígbà tí a wá dé orí kíkọ orúkọ ara ẹni, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mo lọ ṣì ń gbóná lórí mi, mo ní orúkọ tí wọ́n ń gbọ́ lójoojúmọ́ ni kí n kọ́ wọn, èyí tó bá ayé wọn mu. Mo gé páálí, mo kọ ti ẹnì kọ̀ọ̀kan sí i gàdàgbà, mo pín in fún wọn. Mo gbé tirẹ̀ fún Ìyá Sàkírátù, mo ní, "Orúkọ yín rè é, mà." Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.

Ó gbé páálí náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ń fi ṣọ́ọ̀kì tí àwọn télọ̀ fi ń sàmì sí aṣọ kọ ọ́ sórí káńtà rẹ̀, bí oníbàárà bá dé, á nù ún, bó bá lọ, á tún un kọ. Oṣù mẹ́ta gbáko ló fi ṣe é. Ọwọ́ rẹ̀ wá dán débi pé n kì í wo iṣẹ́ rẹ̀ mọ́, màá kàn fi àmì sí i, màá kọjá. Nígbà tó yá, ó ní Sàkírátù tó ń ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta fẹ́ ṣègbéyàwó ní kọ́ọ̀tù, pé kí n jọ̀wọ́ wá. Ojú rẹ̀ ń dán. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo lọ. Mo wọ aṣọ mi tó dáa jù, mo dúró lẹ́yìn láàárín èrò. Nígbà tó kan kí àwọn òbí buwọ́ lùwé, bàbá ọkọ ìyàwó kọ tirẹ̀ wàràwàrà. Akọ̀wé kọ́ọ̀tù wo Ìyá Sàkírátù lẹ́ẹ̀kan, kò bi í ní nǹkan kan, ó sún yíǹkì tí wọ́n fi ń tẹ̀ka sí iwájú rẹ̀. Ìyá Sàkírátù fi ẹ̀yìn ọwọ́ sún un padà. Ó ní kí wọ́n fún òun ní bíírò.

Ìgbà yẹn ni ó tó yé mi ìdí tó fi ń rìn nínú òjò wá sí kíláàsì. Gbogbo ayé rẹ̀ ló ti fi ń tẹ̀ka. Ó ti pinnu pé òun ò ní tẹ̀ka lójú àwọn àna òun. Ó tẹ̀ síwájú, ó kọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, omi ayọ̀ ti wà lójú ọmọ rẹ̀. Èmi níbi tí mo dúró, mo ti ń wú. Mo fẹ́ kí ẹnì kan bi mí pé ta ló kọ́ ọ, kí n sọ pé èmi ni.

Akọ̀wé náà yí ìwé náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó kà á, ó tún un kà. Kò ṣàfojúdi sí i. Ó rọra ní, "Màmá, orúkọ ọmọ yín lẹ kọ síbí. Orúkọ tiyín là ń béèrè."

Ìyá Sàkírátù yíjú padà, ó ń wá mi láàárín èrò títí ojú wa fi ṣe mẹ́rin. Tíṣà rẹ̀ ni mí. Ó ń dúró kí n wá sọ fún un bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ rẹ̀. Oṣù méje ni mo fi kọ́ obìnrin náà, Àṣàkẹ́, mi ò mọ orúkọ rẹ̀.

Wọ́n mú ìwé mìíràn wá. Wọ́n sún yíǹkì náà padà sọ́dọ̀ rẹ̀, ó sì tẹ̀ka.

Ní ọjọ́ kẹta mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Òṣòdì, mo kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó fà mí dìde, ó gbé àpótí fún mi jókòó, ó ra ohun mímu tútù fún mi. Kò gbé ohùn rẹ̀ sókè. Ó ní, "Ráfátù ni wọ́n ń pè mí nílé bàbá mi, Tíṣà. Ẹ ò béèrè." Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó padà sí kíláàsì, kí n kọ́ ọ ní orúkọ náà lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. Ó ní ó dáa, bí Ọlọ́run bá fẹ́. Kò wá mọ́. Mo padà lọ wò ó lẹ́ẹ̀mejì, ìgbà kẹta mo bá ẹlòmíràn nínú ṣọ́ọ̀bù náà, wọ́n ní ó ti padà sí Ìsẹ́yìn láti lọ tọ́jú ìyá rẹ̀. Èmi àti bàbá yín dé Ìsẹ́yìn lẹ́yìn ọdún díẹ̀, mo ní nǹkan ni mo fẹ́ rà. Mo bi àwọn èèyàn léèrè Ráfátù tó ta òwú rí ní Èkó. Wọn ò mọ̀ ọ́n.

Báyìí, ọmọ mi, má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ. Lọ́jọ́ Àìkú, nígbà tí à ń fọ àwo, mo bi ọ́ ní orúkọ àwọn mọ́kànlá tó lọ. O ní àyàfi kí o wo réjísítà. O wá ní àwọn ìyá kan báyìí ni, àti bàbá kan tó máa ń sùn. Ọkàn mi gbọgbẹ́, nítorí mo gbọ́ ohùn ara mi lẹ́nu rẹ.

Bí o bá fẹ́ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, ìwọ lo ni ayé rẹ, mi ò ní bá ọ jà. Ṣùgbọ́n ọ̀la ni lẹ́tà yìí máa dé ọwọ́ rẹ, Ọjọ́bọ̀ ṣì wà láàárín. Gbé réjísítà náà dání láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, kí o máa lọ láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù, láti ibi iṣẹ́ dé ibi iṣẹ́. Kúnlẹ̀ kí wọn. Má bẹ̀ wọ́n kí wọ́n padà, má sì ṣàlàyé ara rẹ. Bi wọ́n ní orúkọ tí bàbá wọn sọ wọ́n, bi wọ́n ní ohun tí wọ́n fẹ́ kà àti ibi tí wọ́n ti máa lò ó, kí o kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n bá ṣe sọ ọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, gbé ìwé rẹ fún ọ̀gá náà bó bá ṣì ń ṣe ọ́ bẹ́ẹ̀.

Mi ò mọ ibi tí mo ti lè rí Ráfátù mọ́. Àwọn tìrẹ ṣì wà ní Ṣógúnlé.

Èmi ni, ìyá rẹ,
Mojísọ́lá.